Agolo mílíìkì ni mo fi ń ṣeré ní kékeré, mo fẹ́ máa fi í jẹun báyìí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Campos (Ọjọ́rú, 8:12 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo dàgbà sí, ní Campos, nínú Pópó Àgùdà. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ irú ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ síbẹ̀: fèrèsé gogoro, irin tí wọ́n tẹ̀ bí ìtàkùn, òdòdó sìmẹ́ǹtì lórí ilẹ̀kùn. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, ìyá àgbà á tan àbẹ́là. Èmi á sáré gbé agolo mílíìkì mi tí mo ti yọ ìdí rẹ̀, tí mo ti fi ìṣó lu lára káàkiri, màá fi bo àbẹ́là náà. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ògiri pálọ̀ á kún fún ìràwọ̀. Á dé orí àga, á dé orí gèlè ìyá àgbà. Àwọn ọmọ yòókù nínú ilé ń retí àtikígbe "Up NEPA!", èmi ń gbàdúrà kí wọ́n má tíì mú un dé. Mo gba ìgbájú tó pọ̀ nítorí ìṣó tí mò ń yọ lára àga.

Mo ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ọ́fíìsì kan ní Màrínà ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, gbogbo Sátidé ni mo fi ń ṣe àtùpà alágolo: agolo Milo, agolo mílíìkì, agolo tòmátì ńlá tí àwọn alásè máa ń dà nù. Màá ya ọnà ilé àwọn Àgùdà sórí bébà, màá wé bébà náà mọ́ agolo, màá wá fi ìṣó tọ ọnà ọ̀hún lọ ní ihò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ilé Ìlọ́jọ̀ tó wà ní Tinubu tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1956, tí wọ́n sì wó palẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ náà. Àfi òkìtì àlàpà.

Mo ti ta mọ́kànlélógójì. Mi ò rí owó ọ̀hún. Èyí tó tún ń dùn mí jù ni pé àwọn tó rà á kì í tàn án. Obìnrin kan ní Súrùlérè dá tiẹ̀ padà, ó ní nínú fọ́tò ó rẹwà, ìgbà tí òun tàn án nílé, "ògiri mi kàn rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ara ẹni tó ní èélá." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo sunkún.

Ṣé kí n fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ ọn ni, àbí kí n kó àwọn agolo yìí fún àwọn tó ń ra kóńdẹ̀mù?

Aláṣejù_Ṣómólú (8:20 alẹ́)

Wọ́n ní ohun tó bá wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú. Tìẹ yìí ò run ọ́ nínú lóòótọ́, àpò rẹ ló ń run. Màá padà wá sọ ọ̀rọ̀ gidi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ń ké lọ́wọ́.

Ìyá_Àdìrẹ (8:41 alẹ́)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Kó o tó máa bèèrè bóyá wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀, sọ fún wa ná: èló lò ń tà á? Kọ gbogbo ohun tí ẹyọ kan ń ná ọ síbí, má fi kọ́bọ̀ pamọ́.

Ọmọ_Campos (8:55 alẹ́)

Ẹ ṣé mà. ₦9,000 ni mò ń tà á. Gílóòbù ₦1,500, hódà ₦800, wáyà àti púlọ́ọ̀gì ₦3,200, ọ̀dà ₦1,000, páálí ₦600. Ọ̀fẹ́ ni agolo, ìyá olóúnjẹ kan nítòsí wa ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀. Mo sì máa ń gbé e dé ilé oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè padà wá.

Ìyá_Àdìrẹ (8:58 alẹ́)

Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Ọlọ́kadà tó ń gbé e ńkọ́, òun náà ń gbé e lọ́fẹ̀ẹ́?

Ọmọ_Campos (9:01 alẹ́)

₦2,500 ni mò ń san fún un bó bá sọdá afárá, mà.

Ìyá_Àdìrẹ (9:17 alẹ́)

Ó dáa. Jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Ohun èlò jẹ́ ₦7,100. O tà á ní ₦9,000, ó ku ₦1,900 lọ́wọ́ rẹ. O wá yọ ₦2,500 fún ọlọ́kadà. Ìwọ lo fi ₦600 lé e, ọmọ mi. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló ti jẹ sàráà rẹ.

Má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ṣe é rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ, aró àti láfún nìkan ni mò ń kà. Mi ò ka ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ kan. Ẹ̀yìn mi ló wá bá mi ṣírò ẹ̀ nígbà tí mi ò lè dìde mọ́ lórí àpótí. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí n tó kọ aṣọ.

Wákàtí mélòó lo fi ń lu ẹyọ kan?

Ọmọ_Campos (9:19 alẹ́)

Márùn-ún mà. Èyí tí ọnà ẹ̀ bá ki lè jẹ́ mẹ́fà.

Ìyá_Àdìrẹ (9:30 alẹ́)

Ka wákàtí kọ̀ọ̀kan sí ₦1,500, oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ ò ní gbà kó kéré sí i. Ìyẹn jẹ́ ₦7,500. Da ₦7,100 pọ̀ mọ́ ọn, ó di ₦14,600. Fi owó ọkọ̀ ọjà àti àwọn tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ lé e, ká ní ₦16,500. Títí dé ibí o, owó ara rẹ lo ṣì ń gbà padà. Èrè ìṣòwò ò tíì sí níbẹ̀. Bí o bá tà á ní ₦22,000, tí oníbàárà sì fúnra rẹ̀ san owó ọlọ́kadà, a lè wá pè é ní òwò.

Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ: ta ló máa ra agolo ní ₦22,000? Èmi ò mọ̀. Ìyẹn ni kí àwọn ọ̀dọ́ ibí bá ọ wò.

Iná_Àlàbá (9:52 alẹ́)

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n dá sí ọ̀rọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni àtùpà yẹn ti ń ṣàìsàn. Ẹ̀gbọ́n, irú gílóòbù wo lẹ̀ ń lò? Mo lè búra pé LED wọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án tó dà bí ẹyin yẹn ni, tí ojú ẹ̀ funfun bíi wàrà.

Ẹ wo àbẹ́là. Iná orí ẹ̀ ò ju orí ìka lọ. Ojú kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde, tó bá gba inú ihò kan kọjá, àmì kan ló máa fi sára ògiri, etí àmì náà á sì mú. Gílóòbù ẹlẹ́yin tóbi tó ìkúùkù, gbogbo ara ẹ̀ ló sì ń tàn. Ìmọ́lẹ̀ tó ti apá òsì wá gba ihò yẹn, èyí tó ti apá ọ̀tún wá tún gba ihò kan náà, àmì wọn á máa gun ara wọn lórí ògiri. Òun ni èélá tí oníbàárà yín rí. Ìṣó yín ò lẹ́bi níbẹ̀.

Ẹ pa iná yàrá yín lálẹ́ yìí. Ẹ yọ gílóòbù kúrò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ gbé agolo lé e lórí, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tójú yín rí fún wa.

Ọmọ_Campos (11:38 alẹ́)

Yéè! Ẹ gbà mí o.

Mo dá fóònù dé sílẹ̀, mo gbé agolo Ìlọ́jọ̀ lé e. Gbogbo ògiri ló di òpó, ló di ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Mo rí ihò kan tí mo ṣèèṣì lù lẹ́ẹ̀mejì, ó hàn ketekete lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ṣe nǹkan yìí, àṣé èmi alára ò tíì rí i rí.

Iná_Àlàbá (Ọjọ́bọ̀, 6:45 àárọ̀)

Ó ti bọ́ sí i. Ẹ wá Àlàbá tàbí kẹ́ ẹ rán èèyàn. Ẹ bèèrè LED ẹlẹ́yọ kan, wọ́ọ̀tì mẹ́ta, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páànù alumíníọ̀mù kékeré tó tó kọ́ìnì. Òun ni àbẹ́là yín. Ó máa ń gbóná lábẹ́, nítorí náà ẹ dè é mọ́ ìdérí agolo, irin ìdérí náà á máa gba ooru lára ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jìnnà ju ìwọ̀nba lọ sí ògiri: bó bá ṣe ń jìnnà sí i ni ọnà ń tóbi sí i, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń rọ sí i. Nínú yàrá Èkó tí kò fẹ̀ yìí, ìyẹn ò ní dà yín láàmú.

Ọ̀rọ̀ kejì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Irin ni agolo. Agbára iná ilé wa jẹ́ fóòtì (volt) 230. Etí ihò tí wáyà ń gbà wọlé mú bí abẹ, ọjọ́ tó bá bó wáyà ni gbogbo ara agolo di iná. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo tún àtùpà irin kan ṣe, mi ò fi rọ́bà sí ihò wáyà. Àbúrò ọ̀gá mi gbá a mú, iná jù ú dà sẹ́yìn. Kò kú, Ọlọ́run ló ṣe é. Ọ̀gá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kó máa lo iná ògiri, ẹ lo wáyà olójú mẹ́ta, ẹ fi bóòtù de èyí aláwọ̀ ewé àti òféèfèé mọ́ ara agolo, ẹ fi òrùka rọ́bà sí ihò, ẹ sì yọ fíùsì 13 inú púlọ́ọ̀gì, ẹ fi 3 rọ́pò. Àmọ́ bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní jẹ́ kí iná ògiri wọ inú agolo rárá. Fóòtì márùn-ún ti ṣájà fóònù tó o. Tàbí kẹ́ ẹ fi bátìrì oníṣájà kan síbẹ̀, irú èyí tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì, kí àtùpà máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ṣebí ìgbà tí iná bá lọ náà ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Bàbá_Wẹ́dà_Mushin (7:30 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí. Ìbéèrè kan ni mo ní fún ọmọ Campos. Nígbà tó o wà ní kékeré, ṣé agolo lò ń wò ni, àbí ògiri?

Ọmọ_Campos (7:34 àárọ̀)

Ògiri, sà.

Bàbá_Wẹ́dà_Mushin (7:51 àárọ̀)

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ agolo lò ń tà?

Mo wo àwọn fọ́tò tó o fi síbí. Agolo lórí tábìlì, ọ̀sán gangan, òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Agolo náà dáa, ọ̀dà ẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n agolo ò ní yéé jẹ́ agolo. Ẹni tó bá rà á, ohun tó rà ni yóò gbé kalẹ̀: yóò fi í sórí tẹlifíṣọ̀n, yóò fi bírò sínú ẹ̀. Ìyá Àdìrẹ bèèrè ẹni tó máa ra agolo ní ẹgbẹ̀rún méjìlélógún. Kò sẹ́nì kankan. Ògiri lo máa tà fún wọn.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, mo rí i pé ara agolo rẹ tẹ̀ wọnú níbi tó o ti lù ú. Rọ omi sínú agolo kó o tó lù ú, gbé e sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì. Yìnyín ló máa gbé e dúró lábẹ́ ìṣó. Má rọ omi náà kún dẹ́nu, torí omi tó bá di yìnyín máa ń wú, á ti ìdí agolo síta bí ikùn aboyún. Fi sẹ́lótéèpù bo bébà ọnà rẹ yípo, kí òógùn yìnyín má baà fà á ya. Agolo méjì ni kó o máa lò, ọ̀kan lọ́wọ́, ọ̀kan nínú fíríìsà, torí nínú ooru yìí kò ní pẹ́ yọ́.

Aláṣejù_Ṣómólú (8:03 àárọ̀)

Bàbá, fíríìsà? Ní Èkó yìí? Pẹ̀lú iná ta ni?

Bàbá_Wẹ́dà_Mushin (8:15 àárọ̀)

Mo ti retí ẹ. Kó bá ìyá tó ń ta yìnyín ṣe àdéhùn. Bí kò bá rí, kó rọ iyanrìn tútù sínú agolo, kó fi igi kì í le dan-in, kó dí ẹnu ẹ̀. Tàbí kó ní kí káfíńtà bá òun gé igi ribiti tó ṣe déédéé inú agolo. Yìnyín ló dáa jù, igi ló tẹ̀ lé e. Iyanrìn máa ń jò látinú ihò bí iṣẹ́ bá ti ń lọ, á sì máa já mọ́ ọn lójú.

Ìṣó kan kò gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo agolo. Bí ẹnu ẹ̀ bá ti kú, ihò á máa ya. Pọ́n ọn, tàbí kó o jù ú nù. Inú agolo lọ́hùn-ún, níbi tí irin ti yọ eyín, fi fáìlì ha á, torí ọwọ́ ọmọdé á wọ ibẹ̀ dandan. Afẹ́fẹ́ òkun tó wà ní Èkó lọ́dọ̀ yín yẹn náà kì í jẹ́ kí páànù sinmi: gbogbo ojú ihò tó o lù ti di ibi tí kò ní ààbò mọ́, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dógùn-ún. Fi bébà ìyanrìn ha á, fi ọ̀dà pupa ìpìlẹ̀ kùn ún tinú tòde, kó tó kan ọ̀dà tó wù ọ́.

Nígbà tó bá yá, agolo nìkan ò ní tó ọ. Wàá fẹ́ èyí tó tóbi tó ìdajì ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe ń rí. Nifemi Marcus-Bello tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà ní Èkó yìí, ibi tí wọ́n ti ń ṣe páànù ìbora jẹnẹrétọ̀ ló wọ̀ lọ láti ṣe ìjókòó kan tí wọ́n ń pè ní LM Stool. Kò kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun. Ẹ̀rọ tó ń tẹ páànù jẹnẹrétọ̀ ló ní kó tẹ ìjókòó. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gé páànù pọ̀ nígboro. Ọnà rẹ ni wọn ò ní.

Sọ́nà_Súrùlérè (12:10 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ fífi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo bá wá, èmi ni mo fi tèmi sílẹ̀, mò ń ṣe àga.

Nǹkan bí oṣù kẹrin lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́fíìsì ni owó ilé dé. Mo wá mọ̀ pé gbogbo àga tí mo ti tà, ọ̀rẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n ni, ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ti rà á tán. Ẹnì kan kì í ra àga jíjẹun lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àbúrò, padà sídìí mọ́kànlélógójì yẹn, ka àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí kó tó rà á. Bí wọn ò bá tó mẹ́wàá, jókòó sí Màrínà rẹ.

Ẹ wo Lani Adeoye, tó gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní SaloneSatellite, ìpàtẹ àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà, ní Milan lọ́dún 2022. Ohun tó gbé lọ ni ìdìmú-rìn, èyí tí àwọn àgbàlagbà ń dì mú rìn, torí bàbá àgbà rẹ̀ ló ṣe rò ó. Ohun tó sún mọ́ ọn nínú ilé ló mú, ó wá ṣe é débi pé ẹni tí kò mọ bàbá àgbà rẹ̀ náà fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà fún ọ. Ìtàn NEPA àti ìyá àgbà dùn, àmọ́ ẹni tí kò dàgbà ní Campos ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ lè rí tiẹ̀ lórí ògiri.

Kí n tó gbàgbé: má gbé àtùpà lọ pàtẹ lọ́sàn-án. Mo ti rí wọn níbi ìpàtẹ, oòrùn ń ràn, gílóòbù ń tàn lójú oòrùn, kò sẹ́ni tó dúró. Rán àgọ́ aṣọ dúdú kan, kó ga tó èèyàn, kó gba ẹni méjì. Tì wọ́n wọnú ẹ̀. Tàbí kó o máa lọ sí àwọn ètò alẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní Freedom Park, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀.

Ìyá_Àdìrẹ (12:44 ọ̀sán)

Mi ò fara mọ́ mẹ́wàá yẹn o. Ogún ni kó jẹ́. Kí owó oṣù mẹ́fà sì wà ní báńkì tí kò ní fọwọ́ kàn.

Sọ́nà_Súrùlérè (12:50 ọ̀sán)

Mà, bí a bá dúró de owó oṣù mẹ́fà ní Èkó, inú ọ́fíìsì la máa ti fẹ̀yìn tì.

Ìyá_Àdìrẹ (12:52 ọ̀sán)

Kí ló burú nínú ìyẹn? Wọ́n á sì fún un ní owó ìfẹ̀yìntì.

Agbẹjọ́rò_Yaba (2:26 ọ̀sán)

Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má tíì gbé ọnà tuntun kankan síta. Kódà níbí.

Ìdí rẹ̀ ni pé ní Nàìjíríà, èèyàn lè fi orúkọ àpẹẹrẹ ọnà sílẹ̀ lábẹ́ òfin Patents and Designs. Ọdún márùn-ún ni àkọ́kọ́, ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ọdún márùn-ún márùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Bí aráyé bá ti rí i lórí fóònù kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, ó ti bọ́ nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ ti tà, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ dáàbò bò.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè dá ẹnikẹ́ni dúró láti máa lu agolo. Ní Mẹ́síkò àti Mòrókò, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lu páànù àti idẹ ṣe àtùpà. Ọnà tí ẹ fúnra yín yà nìkan lẹ lè pè ní tiyín. Ní ti orúkọ òwò, ẹ lọ fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Bí orúkọ náà bá ti ń ta ọjà fún yín, ẹ sọ ọ́ di àmì ìdánimọ̀ ọjà: ọdún méje ni wọ́n á kọ́kọ́ fún yín, lẹ́yìn náà ọdún 14 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá tún un ṣe. Bó bá sì di pé ẹ ń ṣe àtùpà oníná lọ́pọ̀ yanturu, àwọn SON, àjọ tó ń rí sí ìdáradára ọjà, á bèèrè MANCAP, ìwé ẹ̀rí ọjà tí a ṣe nílé, lọ́wọ́ yín. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá.

Aláṣejù_Ṣómólú (5:40 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti dé. Ọ̀rọ̀ gidi rèé: ẹnì kan máa tó sọ fún ọ pé kó o máa ṣe é fún òde, kí olóòde fi ta àlejò lọ́rẹ. Ó máa dùn létí rẹ, igba ẹyọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

Èmi gba irú ẹ̀ rí. Káàdì onípáálí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, igba ẹyọ, fún ọjọ́ ìbí ọdún 70 ìyá kan. Èrò mi ni, àti kékeré ni mo ti ń gé páálí ṣe ilé. Mi ò gba owó sílẹ̀ torí ẹni tó mú iṣẹ́ wá jẹ́ "ọmọ wa". Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní àwọn ti yí àwọ̀ aṣọ ẹbí kúrò ní búlúù sí àwọ̀ ọtí, kí n yí káàdì náà. Mo ní ó ti wà nílẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lò ó. Ó ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, igba ilẹ̀kùn búlúù. Ìyàwó mi ti fi díẹ̀ dáná.

Ìdá méje nínú mẹ́wàá owó kó wọlé kó o tó fi ìṣó kan agolo. Wákàtí márùn-ún lọ́nà igba jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan wákàtí. Ṣírò ẹ̀ wò kó o tó ní "ẹ ṣé sà".

Páálí tìẹ, wá Ṣómólú. Má tẹ àwòrán agolo sára ẹ̀ o. Jẹ́ kí páálí dúdú, kí ihò díẹ̀ wà lára ẹ̀. Ẹni tó bá gbà á á ti máa gbé e sókè sójú iná kó tó ṣí i.

Ọmọ_Campos (ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Sọ́ńdè, 9:05 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má rò pé mo sálọ.

Mo ka àwọn tí kò mọ̀ mí rí nínú mọ́kànlélógójì. Méje ni. Mo ṣì wà ní Màrínà.

Mo lọ sí Àlàbá. Iná_Àlàbá mú mi rìn yíká, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ni mo san. Àtùpà tuntun ti ń lo bátìrì, kò sí wáyà ògiri nínú ẹ̀ mọ́. Mo bá ìyá oníyìnyín ṣe àdéhùn, agolo méjì lálẹ́, ₦200. Àkọ́kọ́ tí mo rọ omi sí kún dẹ́nu (mo mọ̀, ẹ ti sọ fún mi), ìdí ẹ̀ wú bí Bàbá ṣe sọ gẹ́lẹ́, kò lè dúró lórí tábìlì mọ́. Ìkejì dáa. Ara ẹ̀ ò tẹ̀ wọnú níbì kankan, ìṣó ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Gbogbo fọ́tò tí mò ń gbé síta báyìí, ògiri ni. Èèyàn ò rí agolo nínú ẹ̀ rárá. Mo ta mẹ́rin ní ₦22,000, mẹ́ta nínú wọn ò mọ̀ mí. Ìkarùn-ún ni mo gbé lọ fún obìnrin Súrùlérè tó dá tiẹ̀ padà. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá Àdìrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Lánàá ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹnu ọ̀nà Ìlọ́jọ̀ wà lórí ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ní ọmọ náà ń bèèrè bóyá mo lè ṣe ti dánfó, kí ọkọ̀ máa sáré yí yàrá ká. Bàbá, ṣé agolo lè yí lórí ara ẹ̀ láìsí mọ́tò? Mo rántí pé ooru àbẹ́là máa ń yí bébà.

Ìyá_Àdìrẹ (9:11 alẹ́)

Mo bínú o. Kọ ₦16,500 sílẹ̀ nínú ìwé rẹ bí gbèsè.

Bàbá_Wẹ́dà_Mushin (9:26 alẹ́)

Ooru LED rẹ yẹn ò tó yí bébà, ká má tíì sọ agolo. Ṣùgbọ́n má yọ agolo lẹ́nu. Agolo dúró, iná inú ẹ̀ ni kó máa rìn. Mú méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé, kí Iná_Àlàbá bá ọ wá bí àyè bá wà fún un. Má mú ti tòmátì wá, mo ti rí i nínú fọ́tò pé wọ́n ti ń dógùn-ún.